Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Gbòǹgbò tí ẹ gé, ibo lojú ẹ̀ wà?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé nǹkan kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè, àfi pé wọn ò mọ̀: wọ́n ti wa nǹkan kan nínú ilẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n fẹ́ kó di púpọ̀, òmíì hù, òmíì jẹrà. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo lọ bá ọmọ mi obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní Leeds nílùú ọba, oṣù kẹfà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òdòdó kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí wọ́n ń pè ní píónì, ó tóbi, ó rọ̀gbọ̀ǹdọ̀, òórùn ẹ̀ ń wọ inú ilé bá wa. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ilé yẹn ló gbìn ín. Ọmọ mi fẹ́ pín in sí méjì-mẹ́ta, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi náà fẹ́ kó gé gbòǹgbò ẹ̀ díẹ̀ bọ̀ tó bá ń wálé ní December kí n gbìn ín síwájú ilé wa. Ó ku ohun kan, èèrà máa ń bo òdòdó yẹn kó tó là, ṣé kì í ṣe àrùn?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti èèrà kúrò ńlẹ̀: omi dídùn kan ló ń yọ lára òdòdó yẹn kó tó là, òun ni èèrà wá ń lá. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Kí wọ́n má fín òògùn kòkòrò sí i rárá.

Ó wá kan tọmọ yín. Píónì yìí, kì í ṣe ibikíbi lára gbòǹgbò ẹ̀ ló ti ń hù. Lọ́rùn ẹ̀, níbi tí igi òkè àti gbòǹgbò ti pàdé, ẹ máa rí àwọn kókó pupa kéékèèké, àwọn yẹn lojú ẹ̀. Kó dúró di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí ewé ẹ̀ bá ti ń pọ́n tó ń rọ, kó gé ewé yẹn kúrò, kó wá wa ilẹ̀ yí i ká, kó má sún mọ́ ọn jù o, torí gbòǹgbò yẹn sanra ó sì tètè ń kán. Tó bá hú u tán kó fomi fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀, kó gbé e síbi tí oòrùn ò sí fún wákàtí mélòó kan, á rọ̀ díẹ̀, kò ní máa kán mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bá fẹ́ gé e. Ọ̀bẹ tó mú, tó sì mọ́ ni kó lò. Ìdí kọ̀ọ̀kan tó bá gé, kí ojú mẹ́ta sí márùn-ún wà lórí ẹ̀, kí gbòǹgbò tó lára sì wà nísàlẹ̀. Èyí tó bá gé tí ò lójú, bó ti wù kó sanra tó, inú ilẹ̀ ló máa wà títí tó fi máa jẹrà. Ẹ̀yà píónì kan wà tí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń ṣèèṣì hù láìlójú, àmọ́ kó má gbára lé ìyẹn.

Tó bá wá fẹ́ gbìn ín, ibi tí oòrùn ti ń pa dáadáa ni, kó má sì rì í jù. Ojú yẹn ò gbọdọ̀ wọlẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà 5 lọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú ẹ̀ ni, ewé á máa yọ lọ́dọọdún, òdòdó ò ní sí, wọ́n á wá máa wá ẹni tó ṣe é. Kó má retí púpọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ó di bí ọdún kẹta kó tó ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe. Àmọ́ tó bá ti rí ibi jókòó sí, kò ní wa á mọ́, ó lè wà lójú kan náà fún 50 ọdún, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku ẹ̀yin. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gé e wá. Òtútù ló ń jí òdòdó yẹn. Ó gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù gidi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, irú òtútù tó sún mọ́ èyí tí omi fi ń dì, kí ojú ẹ̀ tó lè yọ dáadáa. Ọyẹ́ tiwa n'Ìjẹ̀bú, bó ti wù kó la ètè èèyàn tó, kì í wálẹ̀ dé 10°C, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kì í sínú fíríìjì. Tíná bá ń dúró, ó lè yọ ewé lẹ́ẹ̀kan, ooru oṣù kẹta á wá pa á, kí lẹ rí gbà níbẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, gbòǹgbò tútù kì í ṣe nǹkan téèyàn ń kì sáàárín aṣọ nínú báàgì wọ̀lú. Ìwé àṣẹ ló ń gbà lọ́dọ̀ NAQS, ìyẹn àwọn ìjọba tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń wọlé, pẹ̀lú ìwé láti ọ̀hún tó fi hàn pé kò lárùn. Àrùn tó bá bá yẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ wọlé, oko gbogbo wa ló máa bá.

Tó bá jẹ́ òdòdó ńlá tó máa dá àwọn èèyàn dúró níwájú ilé lẹ fẹ́, ẹ gbin ìdò. Ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní in ládùúgbò, ẹ wa ìdí ẹ̀, ẹ gé e kí ojú kan tàbí méjì wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ tójò bá ti bẹ̀rẹ̀. Pupa wà, yẹ́lò wà, èyí tó ní tóótòòtó lára náà wà. Kì í ṣe píónì, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ oṣù díẹ̀ ló máa fi yọ òdòdó, kí ọdún sì tó yípo ẹ̀yin náà á ti máa gé fáwọn tó ń kọjá.

Bàbá Ọláìtán, Ṣàgámù: Ẹ̀gbọ́n wa, mo ra ewùrà mẹ́rin lọ́jà Awólọ́wọ̀ lọ́sẹ̀ tí a ṣọdún tuntun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni. Mo gé e wẹ́wẹ́ bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é báyìí, mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ẹyọ díẹ̀ ló hù, ìyókù di omi. Ìyàwó mi ní mo fowó ìkọ́kọrẹ́ ṣòfò. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́, oorun ni ewùrà yẹn ń sùn. Iṣu tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, ì báà jẹ́ ewùrà ì báà jẹ́ iṣu funfun, ó máa ń sùn fún bí oṣù méjì sí mẹ́rin, kò sí omi, kò sí ajílẹ̀ tó lè jí i kó tó tó àkókò. Ẹ wá gé e lójú oorun, ẹ rì í sínú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń rẹ lómi láàárọ̀ lálẹ́, ìdíbàjẹ́ ti ṣe tiẹ̀ tán kí ewùrà tó lajú. Ńṣe ló yẹ kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn ò dé, kẹ́ ẹ máa wò ó. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tí ọ̀mùnú fẹ́ yọ lórí ẹ̀, ìgbà yẹn ló tó gé. Lọ́dọ̀ wa níbí ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin, òjò náà á ti wà ńlẹ̀, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ponmi.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ díẹ̀ níbi méjì-mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá rí i pé abẹ́ ẹ̀ ti di búráùn tàbí dúdú, aràn tíntìntín inú ilẹ̀ ló ti wọ̀ ọ́, ẹ má fi gbìn o, torí ẹ máa gbin aràn yẹn pọ̀ mọ́ ọn ni. Ẹ gé ibi tó dáa níbẹ̀ jẹ.

Ojú iṣu ò dà bíi ti píónì Ìyá Ìbejì tó jẹ́ pé ojú kan ló wà. Abẹ́ èèpo ni ti iṣu, kò sì síbi tí ò ti lè yọ, láti orí dé ìdí, tó bá ṣáà ti ní èèpo. Inú ẹ̀ tó funfun yẹn ò lè hù láéláé. Mo fura pé ibẹ̀ lẹ ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù, ẹ gé e bí ẹni fẹ́ ẹ́ se é. Bó ṣe yẹ ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé e ní òbírí-òbírí, kẹ́ ẹ wá la òbírí kọ̀ọ̀kan látàárín wá síta, kí gbogbo ègé ní èèpo tiẹ̀ lẹ́yìn. Ègé kan ò ju ilé ìṣáná lọ, ìyẹn bíi gíráàmù 25, tó bá tóbi tán kó jẹ́ 50.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ègé ilé ìṣáná yìí kì í ṣe fún ìkòkò ìyàwó yín lọ́dún yìí. Ẹbu ló máa fún yín, ẹbu yẹn lẹ máa wá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ tó máa di ewùrà tó ṣeé gbé lé tábìlì. Iléeṣẹ́ ìwádìí NRCRI tó wà ní Umudike ló gbé ọgbọ́n yìí jáde, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, náà sì bá wọn tún un ṣe, láàárín àwọn ọdún 1970 wọ àwọn ọdún 1980. Ohun tó ń dun àgbẹ̀ nígbà yẹn, tó ṣì ń dùn ún dòní, ni pé nínú iṣu tó bá wà, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ló tún máa padà sílẹ̀ ní ẹbu, ẹni tí ò bá sì ní ẹbu á lọ fowó gọbọi rà á. Ewùrà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá gé bẹ́ẹ̀, ó lè fún yín ní ẹbu tó máa kún ẹ̀yìnkùlé yín. Tó bá jẹ́ ti jíjẹ lọ́dún tẹ́ ẹ gbìn ín gan-an lẹ fẹ́, ègé ńlá ni kẹ́ ẹ gé, gíráàmù 200 sí 500, kẹ́ ẹ gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ebè tiẹ̀.

Ẹ tún ní lọ́jọ́ yẹn gan-an lẹ gbìn ín. Háà, Bàbá Ọláìtán! Egbò tútù lẹ gbé fún ilẹ̀ yẹn. Ẹ da eérú ààrò igi tó ti tutù sínú agbọ̀n, ẹ yí ègé yẹn nínú ẹ̀ kí eérú bo gbogbo ibi tí ọ̀bẹ kàn, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan sí méjì kó gbẹ. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà máa ń fi òògùn ìdíbàjẹ́ àti ti kòkòrò kún un, fún ẹ̀yìnkùlé, eérú tó.

Lẹ́yìn ìyẹn náà, mi ò ní ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sórí ebè tààràtà. Ẹ lọ bu lẹ́búlẹ́bú pákó ní sọ́ọ̀mìlì, owó kékeré ni, ibòmíì ọ̀fẹ́ ni, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ kí omi má kán. Ẹ to ègé yẹn sínú ẹ̀, ẹ bu òmíì bò ó, ẹ gbé e síbi tó tutù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀mùnú. Èyí tó wá láti orí iṣu ló ń kọ́kọ́ jí, ti ìdí ló máa ń kẹ́yìn, torí náà ẹ má kó wọn pọ̀, kẹ́ ẹ má baà kó ti ìdí dànù pé ó ti kú. Èyí tó bá ti yọ lẹ máa kó lọ sórí ebè gígùn, mítà 1 láti ebè kan sí èkejì, sẹ̀ńtímítà 25 láàárín ègé méjì.

Kẹ́ ẹ sì tètè wá igi fún un kó rí nǹkan gùn. Ewùrà tó bá ń fà nílẹ̀ nínú òjò oṣù keje, àrùn tó ń sọ ewé àti ìtàkùn di dúdú ló máa mú un, ó sì jọ pé ewùrà ni àrùn yẹn kórìíra jù nínú gbogbo iṣu. Èyí tó bá mú, ẹ kó ewé ẹ̀ kúrò lóko, ẹ má sì gbin ewùrà síbẹ̀ lọ́dún kejì. Tí ìtàkùn bá ti gbẹ kanlẹ̀, bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá sígbà tẹ́ ẹ gbìn ín, ó ti tó wà.

Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ti ń fi iṣu funfun rọ́pò ewùrà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ àsáró ni wọ́n sè yẹn, kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́.

Ìyá Gàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gẹ́ ńlá kan tó ṣẹ́ kù nínú àpò ni mo rì sílẹ̀ lódindi, kò hù. Àbí kí n gé e wẹ́wẹ́ bíi ti iṣu ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá mi. Ẹ̀gẹ́ ò lójú nísàlẹ̀, ara igi ẹ̀ lojú wà. Ẹ gé igi tó ti gbó, sẹ̀ńtímítà 20 sí 25, kí kókó bíi márùn-ún sí méje wà lára ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí kókó yẹn kọjú sókè bó ṣe wà lára ìyá ẹ̀. Èyí tó bá tún ṣẹ́ kù nínú àpò, ẹ rin ín, ẹ jẹ́ kó kan dáadáa, kẹ́ ẹ sì rántí mi.

Ọmọ Rẹ́mọ, Ìperu: Ẹ̀gbọ́n, igi gbẹ̀rẹ̀fútù kan wà nílé bàbá tó bí bàbá mi, kò ní kóró nínú rárá. Mo ń kọ́lé lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, mo fẹ́ kí irú ẹ̀ wà níbẹ̀. Mo gé ẹ̀ka ẹ̀ gbìn, ó gbẹ. Àgbàlagbà kan ní gbòǹgbò ni wọ́n ń gé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àgbàlagbà yẹn ò parọ́. Gbẹ̀rẹ̀fútù tí ò ní kóró, ọwọ́ èèyàn ló fi ń rìn káyé. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, òyìnbó, Bligh lorúkọ ẹ̀, kó igi yìí ní tútù láti Tahiti sínú ọkọ̀ Bounty, àwọn ọmọ ọkọ̀ ẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn ní 1789, wọ́n sì da gbogbo igi yẹn sókun. Kò jáwọ́, ó padà lọ, ní 1793 ló tó kó o dé Jamaica. Ká ní ó ní kóró ni, àpò kékeré kan ni ìbá kó o sí.

Gbòǹgbò igi yìí yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀. Ẹ lè wò ó títí, ẹ ò ní rí ojú kankan lára ẹ̀, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá gé e kúrò lára ìyá ẹ̀, á dá ojú fúnra ẹ̀. Àsìkò tó dáa jù ni ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tuntun. Gbòǹgbò ẹ̀ kì í jìn, ẹ kúrò nídìí igi díẹ̀, ẹ rọra fọwọ́ wa yẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ wá èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ má gé ju ẹyọ kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, igi baba yín ni, ẹ má pa á. Oje funfun máa jáde, ẹ fomi fọ̀ ọ́. Ẹ gé gbòǹgbò yẹn ní sẹ̀ńtímítà 15 sí 25, ẹ tẹ́ ẹ ní ìbùlẹ̀ sínú yanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó lábẹ́ ibòji, ẹ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó máa tutù, kó má rin gbingbin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní sùúrù. Kì í ṣe iṣu, ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tó rí nǹkan, ẹ má sì máa hú u wò lójoojúmọ́ bí ọmọ iléèwé. Ọ̀mùnú lè ti yọ kí gbòǹgbò tiẹ̀ tó fìdí múlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ò fi yẹ kẹ́ ẹ kánjú kó o sínú náílọ́ọ̀nù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ wà, òun ni èmi fẹ́ràn. Ẹ wá gbòǹgbò kan tó yọ sókè ilẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn ẹ̀ kó dégbò, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ máa yọ lójú egbò yẹn. Tó bá ti ga tó sẹ̀ńtímítà 25, tí òun náà ti ní gbòǹgbò tirẹ̀, ẹ gé e kúrò lára ìyá ẹ̀ tòun ti yẹ̀pẹ̀, ẹ gbé e sínú náílọ́ọ̀nù lábẹ́ ibòji títí á fi fara balẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílẹ̀ yín, bíi mítà 10 sí ilé, ẹ má gbìn ín ti sókàwéè, torí gbòǹgbò ẹ̀ máa wá a lọ. Á tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó jẹ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé náà ti parí nígbà yẹn.

Stúdẹ́ǹtì, Àgọ́-Ìwòyè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo gbin atalẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ti yọ tẹ́lẹ̀, ewé ẹ̀ wá ń pọ́n báyìí, ìdí ẹ̀ sì rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọwọ́ kàn án kó o gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn, ó ti jẹrà, hú u dànù, má tún lo yẹ̀pẹ̀ yẹn fún atalẹ̀ mọ́, má sì gbé e fún ọ̀rẹ́ ẹ. Àìsàn atalẹ̀ kì í ṣe nǹkan ṣeré, 2023 ló ba oko atalẹ̀ jẹ́ rẹpẹtẹ ní gúúsù Kaduna, níbẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú atalẹ̀ tí à ń rà ti ń wá.

Tó o bá fẹ́ tún un ṣe, lu àpò yẹn nísàlẹ̀ kí omi máa jáde, po yẹ̀pẹ̀ mọ́ ajílẹ̀ tó ti jinná. Ra atalẹ̀ tó kún, tí ò hunjọ, tó o lè rí ojú ẹ̀ tó rí ṣóńṣó ní ìkángun àwọn ìka ẹ̀. Gé e kí ojú méjì-mẹ́ta wà lára ègé kan, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ègé méjì tó fún àpò kan, má rì í ju sẹ̀ńtímítà 5 lọ. Gbé e síbi tí oòrùn ọ̀sán ò ti ní máa jó o. Atalẹ̀ pupa náà, bákan náà lẹ ṣe ń gbìn ín. Omi ni kó o ṣọ́ra fún jù, tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́ kí lo tún ń bomi rin? Tó bá wá di bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án tí ewé pọ́n, tí ìdí ẹ̀ le, tí kò rùn, ìyẹn ò ṣàìsàn o, ó ti gbó, wà á.

Àwọn tó kọ̀wé nípa ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbagbà, mo ti rí i, ó di ẹ̀dà oṣù tó ń bọ̀.